Rìwáyà Camry fẹ́ wáyà bàálù: kí ló yàtọ̀ níbẹ̀ gan-an?

Ìbéèrè tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lágbo àwa tí a ń to bàálù nílé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ojúmọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi mí ṣẹ̀sín. Iṣẹ́ rìwáyà ni mo kọ́ ní Mókọ́lá, n'Íbàdàn, ọdún mọ́kànlá ni mo sì fi jẹun lórí ẹ̀ kí n tó kó wá sí Texas. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ ra àwọn páànù RV-9A, bàálù kékeré tí ẹni ń fọwọ́ ara rẹ̀ tò, a sì ti tò ó débi tó dé yìí nínú gáréèjì rẹ̀. Ara ti parí, ẹ́ńjìnnì Lycoming O-320 ti wà lórí ìdúró rẹ̀. Wáyà ló kù. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ mẹ́rin, màá wáyà ẹ̀ bíi Camry. Ọ̀rẹ́ mi fárígá. Ó ti kàwé jọ: bátìrì méjì, ọ́tánétọ̀ méjì (ohun tí ẹ́ńjìnnì ń yí kó lè máa ṣáàjì bátìrì), bíréékà (bọ́tìnnì tó ń fò jáde láti gé iná) tó kún ojú dáṣíbọ́ọ̀dù, swíìṣì ọ̀tọ̀ fún rédíò, wáyà olówó gọbọi. Èmi ní iná fóòtì 12 ni iná fóòtì 12, ì báà jẹ́ lórí ilẹ̀, ì báà jẹ́ lójú ọ̀run. Ta ló jàre?

* * *

Àbúrò, kò sẹ́ni tó máa fi ọ́ ṣẹ̀sín. Ẹni tó bá ti fi gílóòbù kékeré wá ibi tí wáyà ti bríjì lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù danfo rí, tí onímọ́tò dúró tì í lórí tó ń sọ pé "ṣé o ò tíì rí i ni?", onítọ̀hún ti gbà ju ìdajì iṣẹ́ yìí lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń to bàálù nílé, ìdí kọ̀ǹpútà la ti wá. A ò mọ ìyàtọ̀ láàárín òórùn wáyà tó ń jó àti òórùn rọ́bà.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin yẹn, gbàgbé ẹ̀. Tèmi, RV-6A kan tí mo tò ní Georgia, wáyà rẹ̀ nìkan gba oṣù méje, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ àti Sátidé. (Fún àwọn tó ń bi mí léèrè nígbà gbogbo: bẹ́ẹ̀ ni, Air Beetle tí wọ́n tò ní Kàdúná fún iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú wa, RV-6A yìí náà ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n nífẹ̀ẹ́ sí i.)

Èsì tààrà nìyí: ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ṣì í. Ìwọ rò pé bákan náà ni. Òun rò pé bí nǹkan bá ti pọ̀ sí i, ewu dín kù. Bí Camry bá kú sí orí márosẹ̀, o máa wọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, o máa fa mẹkáníìkì. Ẹ̀bá ọ̀nà yẹn ni kò sí lókè. Gbogbo èrò tí a bá ń gbà nípa wáyà bàálù, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀: bí èyí bá kú báyìí, kí ni mo ṣì ní lọ́wọ́ tí mo máa fi balẹ̀?

Ohun tó máa yà ọ́ lẹ́nu ni pé lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ́ńjìnnì àtijọ́ yẹn sàn ju ti Camry lọ. Ní Camry, bátìrì ló ń gbé pọ́ǹpù epo, òun ló ń gbé kọ́ìlì, òun ló ń gbé ọpọlọ ẹ́ńjìnnì. Bí iná bá tán, ó tán nìyẹn. O-320 tó ní mágínẹ́tò méjì ò rí bẹ́ẹ̀. Mágínẹ́tò ń dá iná ara rẹ̀ ṣe, òòfà tó ń yí nínú rẹ̀ ni. Sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ní púlọ́ọ̀gì méjì, mágínẹ́tò kọ̀ọ̀kan ń bọ́ ọ̀kan. Kábúrétọ̀ ni, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló sì ń wa pọ́ǹpù epo. Bí o bá ju bátìrì gba ojú fèrèsé jáde lójú òfurufú, ẹ́ńjìnnì ò ní mọ̀.

Nítorí náà kí n tó sọ ohunkóhun nípa bátìrì méjì: ṣé mágínẹ́tò méjèèjì ṣì wà lára rẹ̀?

* * *

O ní ẹ ti yọ ọ̀kan, ẹ ti fi ìgíníṣọ̀n oníná rọ́pò rẹ̀ nítorí pé ó ń dín epo kù. Kò burú. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ tí bátìrì ti wọ inú ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Àwọn kan wà, bíi P-MAG, tí wọ́n ní amúnáwá kékeré nínú ara wọn, tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yí dáadáa wọn ò bẹ bátìrì mọ́. Tiyín, gẹ́gẹ́ bí o ṣe ṣàlàyé ẹ̀, bátìrì ló ń jẹ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mágínẹ́tò kan tó kù ṣì lè gbé yín délé. Ẹ ṣì wà lọ́nà.

Mú ìwé, má tíì mú wáyà. Fa ìlà méjì sí i kó di òpó mẹ́ta. Òpó kìíní: ohun tí ẹ́ńjìnnì ò lè ṣe aláìní. Òpó kejì: ohun tí èmi awakọ̀ nílò kí n tó lè rí ilẹ̀, kí n sì bá ẹni tó wà ní ilé ìṣọ́ sọ̀rọ̀. Òpó kẹta: gbẹ̀fẹ́, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń ṣáàjì fóònù, iná inú, ohun tó ń mú ìjókòó gbóná, gbogbo ohun tí ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ ní kí ẹ fi síbẹ̀. Kọ áńpù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ sí iwájú rẹ̀. Má wo inú ìwé ìpolówó. Fi mítà wọ̀n ọ́n lórí tábìlì.

Ní tèmi, ohun tí mo rí nìyí, kí o lè mọ bó ṣe ń rí. Sìkírììnì EFIS kan, èyí tó ń fi eré àti gíga bàálù hàn, áńpù 1.5. Rédíò, ìdajì áńpù tí mo bá ń gbọ́, tó sì fò dé 2 tí mo bá tẹ bọ́tìnnì láti sọ̀rọ̀. Transponder, ẹ̀rọ tó ń fi ibi tí bàálù wà han ilé ìṣọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1. Ìgíníṣọ̀n oníná, 1 àti díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ò ju áńpù 4 lọ. Èyí ni ìdílé tí mo gbọ́dọ̀ bọ́ bí ọ́tánétọ̀ bá kú. Irin tó ń fi iná gbóná fún ọ̀pá tó ń wọn eré, òun nìkan ń jẹ tó áńpù 8 sí 10, òpó kẹta ló wà, nítorí èmi kì í wọ inú kùrukùru.

Ó tún ku ẹnì kan tí a máa ń gbàgbé láti kà: rílé ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, swíìṣì oníná tí swíìṣì másítà (èyí tó ń tan gbogbo iná bàálù) ń gbé. Kọ́ìlì inú rẹ̀ nìkan ń mu bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá áńpù ní gbogbo ìgbà tó bá wà lójú iná. Fi ọwọ́ kàn án lẹ́yìn wákàtí kan, wàá rí i pé ó gbóná. Kò ṣiṣẹ́ míì ju pé ó di ara rẹ̀ mú. Ìdá kan nínú márùn-ún iná tí o fẹ́ fi délé ni ó ń jẹ lásán yẹn.

Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ ti pẹ́ lágbo àwa tí a ń to bàálù. A máa ń ya àwọn òpó kìíní àti òpó kejì sí ojú irin pínpín kan ṣoṣo. Ọ̀nà méjì ni iná ń gbà débẹ̀. Èyí tó ń ti ojú irin ńlá wá, dáyóòdù wà lójú ọ̀nà rẹ̀ kí iná má baà padà sẹ́yìn. Ìdá mẹ́fà tàbí méje nínú mẹ́wàá fóòtì ló ń jẹ níbẹ̀, kò ṣe nǹkan kan. Èkejì ń ti ẹnu bátìrì gan-an wá, fíúsì àti swíìṣì kan ló wà lójú rẹ̀. Bí ọ́tánétọ̀ bá kú: tan swíìṣì kejì, pa másítà. Rílé ńlá sinmi, gbẹ̀fẹ́ sinmi, ohun tí o nílò ń ṣiṣẹ́ lọ. Ìṣe méjì, kò sí ìdánwò ìrántí. Rìwáyà èyíkéyìí lè yà á sára ògiri láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

* * *

Ìjà bátìrì kan tàbí méjì ti gbóná ju bó ṣe yẹ lọ láàárọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n kó ọ̀rọ̀ gbogbo yín jọ.

Àwọn kan ní bátìrì kan tó, nítorí pé àwọn bàálù kéékèèké tó ti ilé iṣẹ́ jáde ti ń fi bátìrì kan fò láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Àwọn kejì ní ìyẹn ò jọra, torí àwọn yẹn ń lo aago onífáàkúùmù tí kò nílò iná, àwa ń lo sìkírììnì. Bí iná bá kú a di afọ́jú. Ẹnì kan tiẹ̀ ní ọ́tánétọ̀ méjì, bátìrì méjì, rílé mẹ́ta ni kò ní jẹ́ kí òun sùn láìfọkànbalẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Bátìrì tó pọ̀ jù lára àwọn RV ni PC680 ti Odyssey, áńpù-wákàtí 16, ìwúwo rẹ̀ tó kílò 7. Fi áńpù 4 pín in, wákàtí 4 nìyẹn. Ṣùgbọ́n bátìrì tuntun nìyẹn. Èmi máa ń ṣírò rẹ̀ pé ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ló kù: áńpù-wákàtí 9.6, ìyẹn wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 24. Nínú wákàtí méjì, ní ọ̀sán, ní Texas níbi tí pápá bàálù pọ̀ bí ilé epo, ó yẹ kí o ti balẹ̀, kí o ti jẹun, kí o tún ti pe ẹni tó máa wá fi mọ́tò gbé ọ.

Nítorí náà, fún ẹni tó ń fò lọ́sàn-án, tí mágínẹ́tò kan ṣì wà lára ẹ́ńjìnnì rẹ̀: bátìrì kan, ọ́tánétọ̀ kan, kí o sì máa pààrọ̀ bátìrì lẹ́yìn ọdún méjì, kódà tó bá ṣì ń yí ẹ́ńjìnnì bí ẹṣin. Kí bátìrì lè yí ẹ́ńjìnnì yàtọ̀ sí kó lè gbé ọ fún wákàtí méjì. Gbé e síta lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, so gílóòbù mọ́ ọn, kí o wo wákàtí tó fi dé fóòtì 11. Ọ̀rẹ́ mi kan ṣe é, ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógójì ni, bẹ́ẹ̀ bátìrì yẹn ò ṣàìyí ẹ́ńjìnnì lọ́jọ́ kan.

Bí ó bá jẹ́ ìgíníṣọ̀n oníná méjì ni, tàbí pọ́ǹpù epo oníná ló ń bọ́ ẹ́ńjìnnì, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀, orísun iná kejì di dandan. Kódà àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì Rotax 912 iS mọ̀ bẹ́ẹ̀: ẹ̀rọ amúnáwá méjì ló ń ti inú ilé iṣẹ́ jáde lára rẹ̀, ọ̀kan fún ọpọlọ ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan fún ara bàálù. Bí ó bá jẹ́ òru lẹ fẹ́ máa fò náà, òfin FAA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù, 91.205, béèrè orísun iná tó ká gbogbo ohun oníná inú rẹ̀, ó sì béèrè odindi ìpín fíúsì àfipamọ́ kan, tàbí mẹ́ta fún irú kọ̀ọ̀kan, níbi tí ọwọ́ awakọ̀ ti lè tó o.

Kílò méje bátìrì kejì, tí a bá fi kún rílé àti wáyà nínípọn rẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò mẹ́wàá. Àpò ẹrù ìyàwó ẹni ni.

* * *

Ẹnì kan bi mí pé: "Bí fíúsì bá já lókè ńkọ́? Báwo lo ṣe máa pààrọ̀ rẹ̀? Bíréékà, o kàn máa tẹ̀ ẹ́ padà ni."

Mi ò ní tẹ̀ ẹ́ padà. Ibi tí èmi àti ìdajì àwọn ènìyàn níbí ò ti ní rẹ́ nìyí. Bí bíréékà bá fò, wáyà kan ló ń gbóná níbì kan tí ojú rẹ ò tó, láàárín páànù àti ẹsẹ̀ rẹ, nítòsí páìpù epo. Kí lo tún fẹ́ fi iná síbẹ̀ fún? Bí ohun kan bá wà tí o ò lè balẹ̀ láìsí i, fún un ní ọ̀nà kejì, má fi ẹ̀mí rẹ sọ́wọ́ bọ́tìnnì tí wàá máa tẹ̀. Fíúsì mọ́tò lásán, èyí aláwọ̀ oríṣiríṣi tó o ti mọ̀ láti Mókọ́lá, tó wà nínú àpótí rẹ̀ lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, ó tó. Owó bíréékà kan máa ra odindi páálí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí ni màá bá ọ jà lé lórí, àbúrò, torí mo mọ ilé ẹ̀kọ́ tó o ti wá. Onímọ́tò á ní fíúsì ń já jù, ọ̀gá á yọ 10, á fi 30 síbẹ̀. Tó bá tún já, á fi wáyà dì í, á ní ó di dáírẹ́ẹ̀tì. Fíúsì, wáyà ló ń ṣọ́. Kò ṣọ́ rédíò. Wáyà ló ń sọ iye fíúsì. Nínú ìwé FAA tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ AC 43.13-1B, wáyà nọ́ńbà 22 ò gbọdọ̀ ju áńpù 5 lọ, bíréékà 7.5 ni fún nọ́ńbà 20, 10 fún 18, 15 fún 16, 20 fún 14. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń tóbi ni wáyà ń tín-ín-rín, ó máa kọ́kọ́ dà ọ́ lójú rú.

Èmi náà ti dá irú ẹ̀ṣẹ̀ yẹn. Iná ìbalẹ̀ tó wà lápá òsì, wáyà 22 ni mo fà lọ síbẹ̀, fíúsì 10 ni mo sì rí lórí tábìlì lọ́jọ́ náà, mo tì í wọlé, mo ní màá pààrọ̀ rẹ̀ tó bá yá. Mo tún gbàgbé rọ́bà ojú ihò kan lára egungun apá bàálù. Páànù fín-ín-fín-ín yẹn ń rẹ́ ara wáyà díẹ̀díẹ̀, ó ń kàn án, ó ń fi í sílẹ̀, iná ń ṣẹ́jú, kò sì já fíúsì 10. Nígbà tí mo ṣí apá yẹn, nǹkan bí ìka mẹ́ta lára wáyà ti di àwọ̀ tábà, ó le bí ìṣó. Tánkì epo ò ju ìbú ọwọ́ méjì sí i lọ. Mo jókòó sórí ilẹ̀ hángà fún ìgbà díẹ̀ kí n tó dìde.

* * *

Ọ̀rọ̀ wáyà fúnra rẹ̀, kíá.

Má lo wáyà mọ́tò. Ara wáyà mọ́tò sábà máa ń jẹ́ PVC: tó bá jó, èéfín rẹ̀ ń dí ọ̀nà ọ̀fun, inú bàálù yẹn ò sì tóbi ju inú kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Èyí tí a ń lò ni wọ́n ń pè ní Tefzel, M22759/16 ni nọ́ńbà tó máa ń wà lára rẹ̀. Ó ń fara da ooru tó 150 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ara rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì fúyẹ́. Bí o ò bá gbà mí gbọ́, gé méjèèjì ní ìwọ̀n ìka kan, lọ sí ẹ̀yìn ilé, fi láítà sí i. Dúró sí ibi tí atẹ́gùn ò ti ní gbé e bá ọ.

Lílọ́ wáyà méjì pọ̀, kí o fi téèpù dì í: rárá. Mo mọ̀ pé ó ti gbé ọ jẹun.

Ti lẹ́ẹ̀dì, irin rírọ̀ tí a ń yọ́ láti fi lẹ wáyà, ni ìjà ti pọ̀. Ọ̀gá kan tó ń tún tẹlifísọ̀n ṣe ní Peckham sọ níbí pé lẹ́ẹ̀dì dúró ju tẹ́mínà (ẹnu irin tí a ń tẹ̀ mọ́ orí wáyà) lọ, "ọgbọ̀n ọdún ni mo fi jó lẹ́ẹ̀dì". Ọ̀gá, òótọ́ ni, lórí tábìlì. Tẹlifísọ̀n kì í gbọ̀n. Lẹ́ẹ̀dì máa ń fà wọ inú okùn wáyà bí epo ṣe ń fà wọ inú òwú àtùpà, ibi tó bá dé á le gbagidi. Níbi tí líle pàdé rírọ̀, ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́rin á máa gbọ̀n ọ́n títí tó fi máa já. Àwọn kan ń jó o, wọ́n sì ń dì í mú lẹ́yìn rẹ̀ kó má baà mì, ó sì ń pẹ́ fún wọn. Mi ò ní kí wọ́n má ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ pé ó ń kọ́ ọ lọ́wọ́, kí ó ra tẹ́mínà tó ní irin ìdìmú kejì nínú, èyí tó ń di ara wáyà mú láfikún sí bàbà rẹ̀, kí ó sì ra irinṣẹ́ tó ń ká ara rẹ̀ tí kì í ṣí sílẹ̀ àyàfi tó bá tẹ̀ dé òpin. Pílíásì ò lè ṣe é, eyín pàápàá kò ní í lè ṣe é (mo ti rí i). Lẹ́yìn náà fà á pẹ̀lú gbogbo agbára ọwọ́ rẹ. Èyí tó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ lórí tábìlì ṣe ọ́ lóore.

Ẹni tó béèrè láti Kent bóyá ó lè gba oníṣẹ́ kan láti bá a ṣe gbogbo rẹ̀: lọ́dọ̀ yín, LAA, ẹgbẹ́ bàálù kéékèèké ní Britain, ló ń bójú tó o, béèrè lọ́wọ́ olùyẹ̀wò tó ń buwọ́ lùwé fún ọ kí o tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Lọ́dọ̀ wa ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ tí o bá sanwó fún ẹlòmíì láti ṣe ò wọ inú ìdá tó pọ̀ jù tí FAA ní kó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ń ṣe é fún ẹ̀kọ́ tàbí ìgbádùn ara wọn. Ẹni tó bá sì jẹ́ olórí nínú títò rẹ̀ lè gba ìwé tó máa jẹ́ kó máa yẹ bàálù ara rẹ̀ wò lọ́dọọdún. Mi ò ní fi ìyẹn tọrẹ.

* * *

Áàtì, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì. Mo ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yìí.

O ní "ara bàálù irin ni, ibikíbi tó bá wù mí ni màá ti so áàtì". Iná á tàn o, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n wàá gbọ́ ọ́tánétọ̀ nínú etí rẹ. Ó dà bí yànmùyánmú tó ń kùn lẹ́bàá etí. Bí o bá mú kí ẹ́ńjìnnì sáré sí i, ohùn rẹ̀ á ròkè, bí o bá dín in kù á lọ sílẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́ mi, mo ra fílítà, mo pààrọ̀ rédíò, mo bú ẹni tó tà á fún mi. Kò sí èyí tó jẹ̀bi nínú wọn. Ihò tí a ń ki hẹ́dísẹ́ẹ̀tì sí ni. Irin ihò yẹn kan páànù dáṣíbọ́ọ̀dù, rédíò náà ní áàtì tirẹ̀ níbòmíì, nítorí náà ohùn ń gba ọ̀nà méjì padà, iná ọ́tánétọ̀ sì ń bá a rìn lójú ọ̀nà kejì. Wọ́ṣà rọ́bà kéékèèké méjì lójú ihò kọ̀ọ̀kan, wáyà áàtì kan ṣoṣo padà sídìí rédíò. Ó dákẹ́.

Èyí tí mo ń ṣe nísinsìnyí: irin ìsopọ̀ kan lára ògiri iná, ìyẹn páànù tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ibi ìjókòó. Okùn nínípọn láti ẹ̀gbẹ́ òdì bátìrì wá síbẹ̀, okùn nínípọn láti ara ẹ́ńjìnnì wá síbẹ̀, gbogbo áàtì ohun olóhùn àti sìkírììnì wá síbẹ̀. Iná apá àti pọ́ǹpù lè so mọ́ páànù tó wà nítòsí wọn, kò sí ẹni tó ń gbọ́ ohùn wọn.

Àwọn tó ń to bàálù oní-fáìbà, irú Long-EZ tí Burt Rutan yà, ẹ ò ní páànù kankan tí ẹ máa fi ṣe áàtì. Gbogbo wáyà tó lọ gbọ́dọ̀ ní èyí tó ń bọ̀. Ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, bátìrì sábà máa ń wà ní imú, ẹ ṣírò okùn sítátà yín dáadáa: sítátà ń fa tó áńpù 200, bí okùn nọ́ńbà 4 bá rin mítà mẹ́jọ ní àlọ àti àbọ̀, ó ti jẹ fóòtì kan àti díẹ̀ kí iná tó dé sítátà.

* * *

Swíìṣì ọ̀tọ̀ kan ṣoṣo tó ń tan rédíò àti sìkírììnì pọ̀, tí ọ̀rẹ́ rẹ ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èmi ní rárá. Ìgbà láéláé tí rédíò ń kú bí sítátà bá gbé iná burúkú wá ni àṣà yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń ṣe sìkírììnì ìsinsìnyí kì í ṣe iná tó pọ̀ jù, iná tó kéré jù ni: sítátà fa fóòtì sọ̀ kalẹ̀, ó kú, ó tún tan ara rẹ̀. Kó ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí swíìṣì tirẹ̀, tàn wọ́n lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbà.

Mo ní irú swíìṣì yẹn nígbà kan. Ẹsẹ̀ ẹgbẹ̀rún kan àti ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta lókè, rédíò, sìkírììnì, transponder, gbogbo wọn pa lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́kẹ́. Mo fi ìkúùkù lu dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n padà dé. Ohun olówó kékeré kan ló mú gbogbo ohun olówó ńlá lẹ́rú. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo yọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ò gbà, mo ti ka tiyín. Mi ò tíì yí ọkàn padà.

* * *

Ọ́tánétọ̀ Denso tó o ní o máa yọ lára mọ́tò tó ti kú: ọ̀pọ̀ RV ló ń fi ọ́tánétọ̀ mọ́tò fò, kì í ṣe àbùkù. Áńpù 40 tó fún yín. Ohun tí mo fẹ́ kí o rò ni pé régúlétọ̀ rẹ̀, ohun tó ń di fóòtì mú, wà nínú ikùn rẹ̀. Bí régúlétọ̀ yẹn bá ya wèrè, fóòtì 14 á di 16, á di 18, á ṣì máa gùn. Nínú mọ́tò, gílóòbù á jó, bátìrì á hó, wàá gbọ́ òórùn ẹyin bíbàjẹ́, wàá dúró. Níbí, owó sìkírììnì méjèèjì yẹn tó ra Camry kan ní tokunbọ̀. Bátìrì lítíọ́mù á tiẹ̀ já ara rẹ̀ sílẹ̀ láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ là, nígbà náà kò ní sí ohun tó máa di fóòtì mú mọ́ rárá.

Nítorí náà lo èyí tí régúlétọ̀ rẹ̀ wà níta, kí wáyà fíìdì rẹ̀, èyí tó ń mú kó máa ṣe iná, gba ojú bíréékà kan kọjá, kí o sì so ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ fóòtì mọ́ ọn. Bí fóòtì bá ju 16 àti díẹ̀ lọ, ẹ̀rọ náà á mọ̀ọ́mọ̀ bríjì wáyà fíìdì sí áàtì, bíréékà á fò, ọ́tánétọ̀ á kú lójú ẹsẹ̀. Ibì kan ṣoṣo tí mo ti gba bíréékà nìyí. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín, àyè wà.

* * *

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka èyí tó o kọ lóru: "Ẹ̀gbọ́n, àwòrán ti parí, bátìrì kan, ọ́tánétọ̀ kan, ọ̀rẹ́ mi ti gbà. Mo ti fa gbogbo wáyà ẹ̀yìn ògiri iná. Mo yọ wáyà tín-ín-rín tó lọ sí mágínẹ́tò kúrò kó má baà dí mi lọ́wọ́, nítorí náà mágínẹ́tò ti kú pátápátá. Láàárọ̀ yìí la fẹ́ máa fọwọ́ yí pùròpẹ́là ká lè to béélítì ọ́tánétọ̀."

Dúró. Ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ibi tí orí rìwáyà ti máa ń dojú rú nìyẹn, àṣìṣe mi ni pé mi ò sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní. Ní mọ́tò, bí o bá já wáyà, iná kú. Ti mágínẹ́tò, òdì kejì ni: wáyà yẹn ló ń pa á. Nígbà tí swíìṣì bá wà ní ojú ìpa, ńṣe ló ń so mágínẹ́tò mọ́ áàtì. Bí o bá yọ wáyà náà, o ti tàn án, kò sì sí swíìṣì kankan nínú bàálù yẹn tó lè pa á mọ́. Mágínẹ́tò tó kù lára O-320 yín sábà máa ń ní sípíríǹgì nínú tó ń jẹ́ kó tan iná kódà bí a bá rọra fọwọ́ yí i. Bí ìkán epo kan péré bá ṣẹ́ kù nínú sìlíńdà, pùròpẹ́là á gbá.

Yọ wáyà púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ti ara mágínẹ́tò wá. Mú wáyà kan, so ẹnu ibi tó o ti yọ tín-ín-rín yẹn mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, kó dì mọ́ ọn gírígírí. Ẹ kó béélítì sílẹ̀ títí dìgbà yẹn. Ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ tó máa ń wá ṣeré nínú gáréèjì, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta. Tẹlifóònù mi wà lọ́wọ́ mi, pè mí tó o bá ti so ó.